Ọlákẹ́mi, Ẹni Tí Ń Ka Èémí Àwọn Tó Sùn

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ tó gùn: Ọlákẹ́mi kì í ṣe ọmọ yàhúù. Odidi oṣù méjì ni àdúgbò wa fi pè é ní oníjìbìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, èmi gan-an sì wà lára wọn. Kí lẹ fẹ́ ká máa pe ọ̀dọ́bìnrin tí kì í jáde níṣẹ́, tó ní kọ̀ǹpútà méjì, tó gbé sólà sórí òrùlé, tó sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí láti ìdájí títí di ọ̀sán? Ní Èkó wa yìí, bí èèyàn kò bá jí jáde lọ síbi iṣẹ́, tó sì ń jẹun yó, àwọn aládùúgbò á bá a wá iṣẹ́ tó ń ṣe.

Èmi ni Ìyá Olúwaṣemílóore. Aránṣọ ni mí, sùtánà funfun ti àwa ìjọ aláṣọ funfun ni mo sì mọ̀ ọ́n rán jù. Ilé wa wà ní Ajah, lẹ́yìn ọjà, níbi tí ẹsẹ̀ èèyàn ti ń wọ omi bí òjò bá ti ṣú lásán. Ọkọ mi, Ọlálérè, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan òrùlé ilé náà, a sì yọ yàrá kan àti pálọ̀ kan sọ́tọ̀ fún ayálégbé, yàtọ̀ sí àwọn tó yá yàrá ní ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà, lójú ọ̀nà àbáwọlé gan-an. Kò sẹ́ni tó lè wọlé tàbí jáde kí n má rí i. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ nípa Ọlákẹ́mi, ọ̀dọ̀ mi ló yẹ kó wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi lójú ń tì jù láti sọ ọ́.

Lẹ́yìn ọdún Kérésì ló kó dé. Ó gbé báàgì méjì, àga onítáyà kan, àti bátìrì ínfátà tí ọkùnrin méjì fi agbára gbé wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì máa ń kúnlẹ̀ kíni dáadáa, kì í ṣe bíi tàwọn ọmọ ìwòyí tó ń tẹ orúnkún díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣa nǹkan nílẹ̀. Ó ní ọsibítù lòun ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ èèyàn. Ó ní òun kọ́ iṣẹ́ tuntun lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ọdún méjì, òun ṣe ìdánwò àwọn òyìnbó, òun sì yege. Mo bi í pé iṣẹ́ wo ni.

Ó ní, "Mo máa ń wo àwọn tó ń sùn ni, Mà."

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Mo ní, "Níbo?"

"Ní Amẹ́ríkà, Mà."

Mo padà sídìí aṣọ mi. Kí ni mo tún fẹ́ bi í? Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n sọ fún ọmọ náà kó fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ kó wá wo òun, pé òun mọ oorun sùn ju òyìnbó lọ. Òótọ́ ló sọ, a ò kàn mọ̀ ni.

Ó pẹ́ kí iṣẹ́ náà tó yé mi. Àwọn ọsibítù kan wà lọ́hùn-ún tí wọ́n ti ń pe ẹni tí oorun ń yọ lẹ́nu wá sùn mọ́jú. Wọ́n á lẹ wáyà mọ́ ọn lórí, wọ́n á lẹ ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, wọ́n á so bẹ́líìtì mọ́ ọn láyà àti níkùn, wọ́n á sì ki páìpù tín-ín-rín sí i nímú. Òṣìṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń tọ́jú wọn, ṣùgbọ́n ohun tí wáyà wọ̀nyẹn bá ń sọ, inú kọ̀ǹpútà Ọlákẹ́mi ló ń bọ́ sí, ní Ajah. Nígbà tí aago mẹ́wàá alẹ́ bá lù lọ́dọ̀ tiwọn, ìdájí ni lọ́dọ̀ tiwa. Nígbà tí oorun wọn bá wá wọra tán, oòrùn tiwa ti ràn, ológì ti ń kiri, àwọn oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá ti ń fọn fèrè síra wọn lójú títì. Òru ẹlòmíràn ni Ọlákẹ́mi ń ṣọ́ lójú mọmọ.

Mo fi ojú ara mi rí i lọ́jọ́ kan tí mo gbé ẹrù kan tí wọ́n kó wá fún un wọlé. Kí n má purọ́, ẹrù náà kọ́ ló gbé mi wọlé, òfófó ni. Ìlà bí ogún ló ń sáré lójú kọ̀ǹpútà náà. Ó fi ọwọ́ hàn mí: èyí ti ọpọlọ, èyí ti ojú, èyí ti ọkàn, èyí ti atẹ́gùn inú imú. Ti atẹ́gùn yẹn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, bíi sígísáàgì tí mo máa ń rán sí etí aṣọ. Lójijì ni ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Mo ní, "Wáyà yẹn ti bọ́."

Ó ní, "Kò bọ́, Mà. Wọn ò mí ni." Ètè rẹ̀ ń mì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń kà á. Nígbà tó yá ìlà náà ta sókè gan-an, ó sì padà sí bó ṣe wà. Ọlákẹ́mi tẹ nǹkan kan lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Mẹ́rìndínlógún. Bó bá ti pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, a gbọ́dọ̀ sàmì sí i. Àwọn yìí ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún láti ìgbà tí wọ́n ti sùn."

"Kí lorúkọ wọn?"

"Wọn kì í sọ orúkọ fún wa, Mà. Nọ́ńbà ni."

Ọjọ́ tí mo wá fẹ́ràn rẹ̀ tinútinú ni ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi òyìnbó sọ̀rọ̀ sórí fóònù, kíákíá, ó ń ní kí wọ́n jí i, kí wọ́n jí i báyìí, ọkàn rẹ̀ ti ń dàrú. Nígbà tó yá, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní bàbá arúgbó kan ni, pé wọ́n ti jí i, wọ́n ti gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn tó ń tọ́jú ọkàn, ó sì yè é. Mo po ògì gbígbóná fún un, mo wá àkàrà sí i. Bó ṣe ń mu ún ló ń sunkún, ibẹ̀ ló sì ti sọ fún mi nípa Hakeem, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Igbó Ẹfọ̀n. Hakeem ní òun ò lè fẹ́ obìnrin tó ń sùn nígbà tí òun bá jí, tó ń jí nígbà tí òun bá sùn. Ó ti mú ìyàwó mìíràn. Ọlákẹ́mi ní òun ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé wọn. Mo ní ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú mi, kò ní jáde.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo fún akọ̀wé ìjọ wa, Adétòkunbọ̀, ní nọ́ńbà bàbá arúgbó yẹn kó kọ ọ́ sínú ìwé àdúrà. Ó ní orúkọ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Mo ní kó kọ ohun tí mo bá wí fún un, Ọlọ́run mọ onínọ́ńbà. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá pe Ọlákẹ́mi ní ọmọ yàhúù létí mi, èmi àti olúwarẹ̀ la jọ ń wọ̀yá ìjà.

Ó wá kan ọkọ mi.

Káfíńtà òrùlé ni Ọlálérè, àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní Lakowe ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, ó síngbọnlẹ̀, ọrùn rẹ̀ ki. Onínúure èèyàn ni, kì í purọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í bínú. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe é ni oorun. Ó lè sùn lórí ìjókòó, ó lè sùn tòun ti òkèlè lọ́wọ́. Bó bá ń han-an-run, àwọn ayálégbé ẹ̀yìnkùlé a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ Bàbá ti ń ṣiṣẹ́.

Lọ́dún mẹ́ta ṣáájú ìgbà tí Ọlákẹ́mi kó dé, a wà nínú ìsìn, a ń gba àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ọkọ mi dorí kodò. Ó han-an-run díẹ̀, ó dákẹ́ lọ títí, ó sì ta gìrì dìde pẹ̀lú ariwo, ó ń mí gúlegúle, ó ní, "Omi! Omi!" Ọ̀fun rẹ̀ ló gbẹ. Ṣùgbọ́n inú oṣù keje ni, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, òjò rọ̀, omi gba gbogbo Ajah dé ìloro. Ta ló nílò ìran kó tó mọ̀ pé omi ń bọ̀ ní Lẹ́kí nínú oṣù keje? Síbẹ̀, Olùṣọ́ ìjọ wa dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ní Ọlọ́run ti gbé aríran kan dìde láàárín wa.

Bí wọ́n ṣe sọ ọkọ mi di wòlíì nìyẹn. Láti ìgbà náà, bó bá ti dorí kodò nínú ìsìn, wọ́n á lu agogo kékeré lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbogbo ìjọ á pa lọ́lọ́, Adétòkunbọ̀ á ṣí ìwé rẹ̀, á mú báírò dání, á máa retí. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. A kì í fọwọ́ kan ẹni tó wà nínú ẹ̀mí, wọ́n ní ẹ̀mí rẹ̀ lè ṣìnà kó má mọ ọ̀nà ilé mọ́. Bó bá sì ta gìrì jí, ohunkóhun tó bá jáde lẹ́nu rẹ̀, Adétòkunbọ̀ á kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọkọ mi kò fara mọ́ ọn. Nílé, ó sọ fún mi pé, "Ìyá Ṣemílóore, n kò rí nǹkan kan o. Ó kàn máa ń dà bíi pé mo rì sínú omi, mo wá ju apá ju ẹsẹ̀ jáde."

Mo ní, "Ìran náà nìyẹn. Kí lo fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe, kó gbé tẹlifíṣọ̀n wá bá ọ?"

Èmi ni mo tì í síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Wòlíì, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n gbé mi kúrò lẹ́yìn wá sí ìlà kẹta. Àwọn obìnrin tí kì í dá mi lóhùn tẹ́lẹ̀ ń gbé aṣọ wá fún mi rán, wọ́n ń bẹ̀ mí kí n bá àwọn sọ fún Bàbá. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti fi jẹ́ ìyàwó káfíńtà kó tó di pé mo di ẹnìkan. N kò fẹ́ padà sẹ́yìn.

Oṣù kẹsàn-án ni Ọlákẹ́mi fẹnu kàn án. Bó bá ti parí iṣẹ́ lọ́sàn-án, ó máa ń gbé oúnjẹ rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó lọ sùn. Lásìkò yẹn, ọkọ mi máa ń sinmi lórí àga níbẹ̀ bí kò bá lọ síṣẹ́. Mo ṣàkíyèsí pé ọmọ náà kì í jẹun mọ́. Á kàn máa wo Bàbá, ètè rẹ̀ á máa mì. Ní ọjọ́ kẹta, ó dúró kí ọkọ mi jáde, ó wá kúnlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ mi.

Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Oorun Bàbá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí."

Mo ní, "Oorun Bàbá ṣe jẹ́?"

"Èémí wọn ń dúró, Mà. Mo ti kà á ní ìgbà púpọ̀. Ní àná, ó tó ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Mo sì rí wọn nínú ìsìn ìdúpẹ́ tẹ́ ẹ mú mi lọ. Ohun kan náà ni, Mà. Àìsí atẹ́gùn ló ń jí wọn gìrì bẹ́ẹ̀."

Mo dá ẹ̀rọ dúró. Mo ní, "Ìyẹn ni pé ọkọ mi kì í ríran?"

Ó ní, "Kì í ṣe iṣẹ́ mi láti sọ àìsàn fún èèyàn, dókítà ló ń sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi pẹ́ kí n tó wá. Ṣùgbọ́n ẹ kàn kà á fúnra yín, Mà. Bí Bàbá bá ti dákẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bó bá ti kọjá mẹ́wàá, ẹ jí wọn, ẹ sì jẹ́ ká gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n á máa fi sí imú sùn, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí èèyàn nínú. Wọ́n á gbádùn gan-an, Mà. Bí ẹ kò bá ṣe é, ọkàn ló máa ń daṣẹ́ sílẹ̀."

Ìbínú gbé mi. N kò lè sọ pé n kò gbọ́ ohun tó wí. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ohun tó sì ń dùn mí ni ìlà kẹta. Mo bi í pé ta ló fi ṣe ọ̀gá lórí oorun ọkọ ọlọ́kọ. Mo ní ṣé ó wá sílé mi láti máa ka ọkọ mi bí ẹni ń ka èso orí igi ni. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ èyí tó burú jù, mo sì pariwo rẹ̀ kí àwọn ayálégbé ẹ̀yìnkùlé lè gbọ́. Mo ní abájọ tí Hakeem fi sá, èwo nínú ọkùnrin ló máa fẹ́ àjẹ́ tí kì í sùn, tó ń dúró lórí ẹni tó sùn.

Kò bú mi. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Mà," ó sì wọlé lọ. Lópin oṣù, ó kó lọ sí yàrá kan ní Lakowe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn olówó ti ń gbá gọ́ọ̀fù. Ọkọ mi ló bá a gbé àga onítáyà rẹ̀ sínú ọkọ̀. Ó bi mí pé kí ló lé ọmọ dáadáa bẹ́ẹ̀ lọ, mo ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Lakowe ló yára ju tiwa lọ.

Lẹ́yìn tó lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kì í ṣe pé mo gbà á gbọ́, mo fẹ́ fi hàn ara mi pé irọ́ ló pa ni. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni. Ọkọ mi sùn lórí àga, ó han-an-run, ó dákẹ́. Mo gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Mo ka mẹ́wàá, mo ka ogún. Àyà rẹ̀ ń gbìyànjú, ikùn rẹ̀ ń lọ ń bọ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kò wọlé. Nígbà tí mo dé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mo ju rílì òwú lù ú láyà. Ó ta gìrì, ó ní kí ló dé. Mo ní eṣinṣin ni.

Mo wọ yàrá lọ, mo jókòó sórí ibùsùn wa. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà. Bó bá dákẹ́, mo máa ń dúpẹ́ pé ariwo ti tán kí èmi náà lè sùn.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ kejì. Ìkórè ìjọ wa ló ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n fẹ́ fi òróró yàn án sí ipò Wòlíì Àgbà lọ́jọ́ náà, Olùṣọ́ àgbà láti òkè òkun ń bọ̀, mo sì ti gé aṣọ tí yóò wọ̀, èyí tó ní etí àwọ̀ ojú ọ̀run àti ìgbànú wúrà. Bí dókítà bá lọ pe ìran rẹ̀ ní àìsàn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kí la fẹ́ sọ fún ìjọ? Mo fi ọjọ́ sí i: ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìkórè, mo máa lọ bẹ Ọlákẹ́mi ní Lakowe, a ó sì jọ mú un lọ. Títí di ìgbà náà, èmi ni mo máa ṣọ́ ọ. Mo sì ṣọ́ ọ lóòótọ́. Mo ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún un, mo ń jù ú ní nǹkan, n kò fi bẹ́ẹ̀ sùn mọ́. Èyí tó pẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀ jẹ́ méjìléláàádọ́ta. Mo rò pé mo ti mọ òpin rẹ̀.

Ọjọ́ ìkórè, wọ́n so ìrèké mọ́ òpó, wọ́n kó ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti àgbọn sí iwájú pẹpẹ, tùràrí ń rú. Ọkọ mi wọ aṣọ náà, ó bá a mu wẹ́kú. Wọ́n da òróró sí i lórí, wọ́n dé fìlà oyè sí i, wọ́n sì ní kó jókòó sórí àga níwájú pẹpẹ kí gbogbo ìjọ gba àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lé e lórí. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fi dorí kodò. Ó han-an-run díẹ̀, ó sì dákẹ́.

Agogo dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Olùṣọ́ gbé ọwọ́ sókè kí ẹnikẹ́ni má mira. Adétòkunbọ̀ ṣí ìwé.

Mo ka mẹ́wàá. Ibi tí mo wà sí ibi tó wà kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Obìnrin kì í wọ iwájú pẹpẹ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dì mí mú. Bí mo bá dìde, mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí mo fi dìde. Mo ka ogún, mo ka ogójì. Mo ní tó bá di méjìléláàádọ́ta á mí. Ó di méjìléláàádọ́ta. Ó di ọgọ́ta. Fúnláyọ̀, ìyàwó Alàgbà, tó jókòó tì mí, di ọwọ́ mi mú, ó sọ̀rọ̀ sí mi létí pé, "Ìyá Wòlíì, tòní yìí mà ga o." Mo mi orí sí i. Ó di àádọ́rùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò mọ iye tí mo ń kà mọ́.

Ó lé ní ìdajì wákàtí tí wọ́n fi retí iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán an. Ẹ̀rín ayọ̀ wà lójú àwọn èèyàn. Fìlà oyè rẹ̀ ló jábọ́ tí kò fi ọwọ́ mú un, ìgbà yẹn ni Olùṣọ́ sún mọ́ ọn. Ó ti tutù.

Wọ́n ní irú ikú bẹ́ẹ̀, ẹni mímọ́ ni Ọlọ́run ń fi dá lọ́lá. Wọ́n ní inú ẹ̀mí ló bá lọ. Ọmọ wa, Olúwaṣemílóore, dé láti Ìbàdàn, gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ pé ọlọ́jọ́ ló dé, pé a kì í bá Ọlọ́run jà. Mo ń sọ pé àmín. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àmín náà ń gún mi.

Ọjọ́ kẹjọ ni Ọlákẹ́mi wá. Ẹnu iṣẹ́ ló ti ń bọ̀ tààrà, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi. Mo ní kí gbogbo èèyàn fún wa láyè. Mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì nítorí ọ̀rọ̀ Hakeem. Ó ní ìyẹn ti tán. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, rílì òwú, méjìléláàádọ́ta, iwájú pẹpẹ. Mo ní, "Gbogbo ayé ń sọ pé àkókò rẹ̀ ló tó. Ìwọ lo mọ̀. Ká ní mo ti gbé e lọ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á ńkọ́?"

Ó bi mí pé, "Ìgbà wo nìyẹn, Mà?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó kú."

Ó sunkún pẹ́. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó wò mí bó ṣe máa ń wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò gbójú kúrò. Ó ní, "Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì wà, Mà. N kò lè purọ́ fún yín."

Ó dùn mí dé eegun. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹni tó kí mi, òun nìkan ló bá mi sọ̀rọ̀ ọkọ mi bí ó ti rí. Mo ní kó bá mi lọ sí ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ó wá. Ó bọ́ bàtà sílẹ̀ bíi tiwa, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí wọ́n dé orí ẹ̀rí, mo dìde. Mo ní kí wọ́n má bá mi yin Olúwa o, kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ mi ná. Mo ní ọkọ mi kò ríran rí, ó sì sọ fún mi bẹ́ẹ̀. Mo ní oorun tí kì í jẹ́ kó mí ló ń sùn, ọmọdébìnrin kan kìlọ̀ fún mi, mo lé e jáde. Mo ní lọ́jọ́ ìkórè mo jókòó, mo ń ka èémí tí kò mí, mo sì mọ̀. Mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kà á àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n jí ẹni náà. Kò sẹ́ni tó pe Halelúyà. Olùṣọ́ ń wo ilẹ̀. Adétòkunbọ̀ pa ìwé rẹ̀ dé.

Mo padà jókòó. Fún ìgbà pípẹ́, Fúnláyọ̀ kò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo wà, ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin ni ojú rẹ̀ wà, níbi tí Alàgbà ọkọ rẹ̀ ti fara ti òpó, tó dijú. Nígbà tó yá, ó fa etí aṣọ mi. Ó ní, "Ìyá Ṣemílóore, mélòó lẹ ní kéèyàn kà dé?"